Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Owó Bébà Fínlándì Ìgbà Tsar

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí owó bébà Fínlándì tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ọdún 1917 sábà máa ń pè é ní owó Rọ́ṣíà. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ẹyẹ idì olórí méjì ti Tsar, olú-ọba Rọ́ṣíà, máa ń wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ta owó àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá máa ń tò ó mọ́ àárín rúbù, owó Rọ́ṣíà. Àmọ́ láti 1860, owó yìí kì í ṣe rúbù mọ́, báńkì Rọ́ṣíà kọ́ ló sì gbé e jáde. Fínlándì ní báńkì tirẹ̀, ó sì ń ná owó tirẹ̀, nígbà tí Tsar ṣì jẹ́ olórí ibẹ̀.

Ẹni tí irú owó yìí bọ́ sí lọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ rà á, ni mo kọ èyí fún. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe idì ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Idì á sọ ẹni tó jọba fún yín, kò ní í sọ ohun tí owó náà tó. Ìlérí tí báńkì kọ sára bébà náà, pé ohun báyìí ni òun máa san fún ẹni tó bá mú un wá, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ìgbà tí wọ́n gbé owó náà jáde, ibẹ̀ náà lẹ sì ti máa rí bí òmìnira tí Fínlándì ní ṣe jinlẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó bí owó náà

Ẹ má fo èyí, torí láìsí i, nọ́mbà àti ọ̀rọ̀ ara owó náà ò ní í yé yín.

Ọdún 1809 ni Swídìn pàdánù Fínlándì sọ́wọ́ Rọ́ṣíà lẹ́yìn ogun. Tsar Alexander Kìíní ò da ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyókù ilẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n máa lo òfin tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà Swídìn, wọ́n sì ní Sẹ́nétì tiwọn tó ń bójú tó ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1811 ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá ilé kan sílẹ̀ ní ìlú Turku fún ṣíṣẹ́ owó, yíyá owó àti títọ́jú owó. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1812, wọ́n gbé e lọ sí Helsinki ní 1819, òun ló sì wá di Suomen Pankki, báńkì àpapọ̀ Fínlándì títí dòní. Owó kéékèèké ni bébà tó kọ́kọ́ gbé jáde: 20, 50 àti 75 kópẹ́ẹ̀kì (ọgọ́rùn-ún kópẹ́ẹ̀kì ló jẹ́ rúbù kan). Ohun tó ń ni àwọn ará ìlú lára nígbà náà ni àìsí owó wẹ́wẹ́ lọ́jà. Owó Swídìn ṣì ń ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àfìgbà tí àtúnṣe ọdún 1840 tó lé e kúrò.

Ogun Crimea ló yí ọ̀rọ̀ padà. Láti 1853 sí 1856, Rọ́ṣíà ń tẹ bébà kó lè rówó ogun san, bébà náà sì pọ̀ débi pé ìjọba ò lè fi fàdákà gbà á padà mọ́. Rúbù bébà wá ń já wálẹ̀. Àwọn ará Helsinki rí i pé báwọn bá dúró sínú rúbù, àwọn máa bá a rì ni. Fabian Langenskiöld, tó ń bójú tó owó ìlú nínú Sẹ́nétì, wà lára àwọn tó tẹpẹlẹ mọ́ ọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1860, Alexander Kejì fọwọ́ sí i pé kí Fínlándì ní owó tirẹ̀: markka, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 penni. Markka mẹ́rin ló jẹ́ rúbù kan. (Bẹ́ ẹ bá rí ọjọ́ 23 oṣù Kẹta nínú ìwé Rọ́ṣíà fún ọ̀rọ̀ kan náà, kì í ṣe àṣìṣe. Kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà fi ọjọ́ méjìlá gbẹ́yìn ti Fínlándì nígbà yẹn.)

Síbẹ̀, lọ́dún 1860 yẹn, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Markka ṣì so mọ́ rúbù bébà, bí ìyẹn bá já wálẹ̀, tòun náà á já. Ọkùnrin tó gé okùn náà ni Johan Vilhelm Snellman, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó di olórí ọ̀rọ̀ owó nínú Sẹ́nétì. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1865, fàdákà tàbí bébà tí báńkì lè fi fàdákà gbà padà nìkan lòfin mọ̀ ní Fínlándì. Rúbù bébà di owó àjèjì ní ilẹ̀ tí Tsar ń jọba lé lórí. Ẹ rò ó wò! Nígbà tó di 1868, wọ́n tún gba báńkì náà kúrò lábẹ́ Sẹ́nétì, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìgbìmọ̀ aṣòfin Fínlándì. Kí Tsar tó lè fọwọ́ kan àpótí owó náà, ó máa kọ́kọ́ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ìyàn ńlá mú láti 1866 sí 1868, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú ló sì kú. Snellman lọ́ra láti yáwó ra ọkà lásìkò, torí ó ń ṣọ́ markka tuntun rẹ̀ bí ojú. Ó pẹ́ kó tó yá owó lọ́wọ́ àwọn Rothschild, ìdílé olówó tó ní báńkì ní Yúróòpù, ní ìparí 1867. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì dárí jì í dòní. Ère rẹ̀ sì ni wọ́n gbé síwájú báńkì náà ní Helsinki, ẹsẹ̀ ère ọ̀hún sì ṣì ní ojú ibi tí àfọ́kù bọ́ǹbù ọdún 1944 gbẹ́.

Lọ́dún 1878, Fínlándì bọ́ sórí wúrà: wúrà ni wọ́n wá fi ń díwọ̀n markka dípò fàdákà. Wọ́n gé markka kó bá franc Faransé dọ́gba géérégé: wúrà gidi tó wà nínú owó onírin 20 markka jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 5.8, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú 20 franc.

Kí ẹni tó bá mọ ìtàn tiwa lè fi wé e: ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, London ló fìdí kalẹ̀ sí, London ló ti ń tẹ owó tí à ń ná ní Èkó àti Ìbàdàn. Ọdún 1959 ni báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó Fínlándì ò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ olú-ọba ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àpótí wà nílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ìlérí náà

Ẹ wá orúkọ irin lára bébà. Lédè Finnish, fàdákà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *hope-* tàbí *hopi-* àtijọ́. Wúrà ni *kulta*, tó máa ń di *kullassa* bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé wúrà ni àwọn máa fi san. Lédè Swídìn, ẹ wá *silfver* tàbí *guld*. Lédè Rọ́ṣíà, *серебр-* ni fàdákà, *золот-* ni wúrà.

Bó bá jẹ́ rúbù tàbí kópẹ́ẹ̀kì ló wà níbẹ̀, tí orúkọ báńkì náà sì jẹ́ ti Fínlándì, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ti wà kí markka tó dé. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ bi í léèrè dáadáa. Bó bá jẹ́ markka pẹ̀lú fàdákà, ó bọ́ sáàárín 1860 àti ìgbà tí wúrà dé. Bó bá jẹ́ wúrà, ẹ̀yìn 1878 ni.

Ìlérí yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láti ìparí 1865 títí di ọdún 1915, tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ mú kí báńkì ti ilẹ̀kùn wúrà, ẹni tó bá mú bébà rẹ̀ dé ibẹ̀ á gba irin rẹ̀. Láti 1915 lọ, ọ̀rọ̀ wúrà ṣì wà lára bébà, àmọ́ wúrà ò jáde mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo iye rẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1862, báńkì gbé owó 12, 20, 40 àti 100 markka jáde. Ta ló ń tẹ owó 12? Ẹ fi mẹ́rin pín wọn: 3, 5, 10 àti 25. Iye bébà rúbù tó ti mọ́ àwọn èèyàn lára nìyẹn. Owó tuntun ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n gé e sí ìwọ̀n èyí tí ọlọ́jà ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó ti ń ná rúbù mẹ́ta kàn máa yọ 12 markka ni.

Nígbà tó yá, àwọn iye aláìṣedéédéé yìí pòórá. Ní àwọn owó ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, 5, 10, 20, 50, 100 àti 500 lẹ máa rí, 1909 sì fi 1000 kún un. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí 12 tàbí 40, ẹ ti mọ àsìkò rẹ̀ láìtíì wo déètì.

Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má fi mẹ́rin ṣírò gbogbo rẹ̀ o. Rọ́ṣíà náà bọ́ sórí wúrà ní 1897, rúbù wúrà tuntun náà sì jẹ́ nǹkan bí markka 2.67. Ẹni tó mú 100 markka dání lọ́dún 1900, rúbù 37.50 ló ní, kì í ṣe 25. Markka ti ga ju ẹni tó bí i lọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ iye náà rọrùn láti há sórí. Ti Finnish: *yksi* (1), *kolme* (3), *viisi* (5), *kymmenen* (10), *kaksikymmentä* (20), *viisikymmentä* (50), *sata* (100), *tuhat* (1000). Owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní *markka*, bó bá ti ju ọ̀kan lọ, *markkaa* ni. Lédè Swídìn, *mark* ni lọ́nà méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wàyí o, ẹ wo idì

Ẹ gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sí àyà ẹyẹ náà. Idì ti Rọ́ṣíà gan-an máa ń gbé ọkùnrin kan lórí ẹṣin sáyà, tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ejò ńlá. Idì ti Fínlándì gbé kìnnìún: ó dé adé, ó gbé idà sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ idà kejì tó tẹ̀ kọdọrọ mọ́lẹ̀, òdòdó róòsì mẹ́sàn-án sì yí i ká. Kìnnìún yẹn ti wà láti ayé Swídìn, òun náà ló sì wà lára àmì orílẹ̀-èdè Fínlándì lónìí. Bébà tó bá ti gbó lè máà fi òdòdó hàn, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ ẹranko yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣin.

Èdè mẹ́ta lẹ máa bá pàdé: Finnish, Swídìn àti Rọ́ṣíà. Swídìn lèdè àwọn ọ̀mọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba, Finnish lèdè ọ̀pọ̀ jù lọ ará ìlú, 1863 sì ni Alexander Kejì pàṣẹ pé kí Finnish bá Swídìn dọ́gba lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láàárín ogún ọdún. Rọ́ṣíà lèdè ẹni tó jọba.

Àkọtọ́ lè tú ayédèrú fó. Kí àtúnṣe ọdún 1918 tó dé, ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà tó bá parí sí kọ́ńsónáǹtì líle máa ń ní *ъ* nídìí: *банкъ*, kì í ṣe *банк*. Swídìn náà ń kọ *silfver* títí tí àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1906 fi sọ ọ́ di *silver*. Bí “owó 1862” bá wá ní àkọtọ́ òde òní lára, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: déètì àti nọ́mbà

Ibí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Déètì tó wà lára owó wọ̀nyí ń sọ ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí irú owó yẹn, kò sọ ọdún tí bébà ọwọ́ yín jáde lórí ẹ̀rọ. Owó 1909 ló burú jù níbẹ̀.

Ayàwòrán-ilé Eliel Saarinen ló ya owó 1909 yìí, ẹni náà tó ya ilé ìdúró rélùwéè ńlá Helsinki. (Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1923. Ọmọ rẹ̀, Eero, ló ya ilé TWA oníyẹ̀ẹ́ ẹyẹ tó wà ní pápákọ̀ òfúrufú JFK ní New York, ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọjá níwájú rẹ̀.) Owó náà lẹ́wà, ó sì wà fún ìgbà pípẹ́. Tsar kúrò lórí oyè ní oṣù Kẹta 1917, Fínlándì kéde òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù Kìíní 1918. Àwọn Pupa (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó dìde sí ìjọba) gba Helsinki, wọ́n gba báńkì, wọ́n sì rí pátákó ìtẹ̀wé níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó 1909 náà, pẹ̀lú déètì kan náà, kí wọ́n lè sanwó iṣẹ́ àti owó ogun. Nígbà tí àwọn Funfun (àwọn tó wà lẹ́yìn ìjọba) ṣẹ́gun ní oṣù Karùn-ún, wọ́n ní owó tí àwọn Pupa tẹ̀ kì í ṣe owó. Ẹni tó gbà á gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀ mú bébà lásán lọ sílé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Nọ́mbà ara rẹ̀ ni. Báńkì mọ nọ́mbà tó dé kẹ́yìn kí àwọn Pupa tó wọlé. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ní owó 1909, ẹ kọ nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an, kẹ́ ẹ wá ìwé àkójọ owó Fínlándì tó to nọ́mbà àwọn Pupa sílẹ̀ fún iye owó kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi wéra. Ẹ má ra owó 1909 tí ẹni tó ń tà á kọ̀ láti fi nọ́mbà rẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Kì í ṣe pé ti àwọn Pupa ò níye lórí fún àwọn tó ń kó owó jọ, àmọ́ ohun mìíràn ni, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ojú àti ọwọ́

Ẹ gbé bébà náà síwájú iná. Àwòrán tàbí ìlà tó bá wà nínú bébà gbọ́dọ̀ hàn láti inú, kó má jẹ́ pé wọ́n fi yíǹkì funfun kùn ún lójú. Ẹ fi awò wo ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fi ya ọ̀ṣọ́ rẹ̀: ìlà gidi máa ń lọ láì já, àdàkọ láti orí kọ̀ǹpútà máa ń di ẹ̀kán ẹ̀kán aláwọ̀ oríṣiríṣi. Bẹ́ ẹ bá ní iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì, ẹ tàn án sí i nínú òkùnkùn. Bébà àtijọ́ kì í tàn yòò. Bó bá tàn bí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bébà òde òní ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó lè dà bíi tuntun. Nínú méjèèjì, ẹ má san owó tí wọ́n pè é.

Bó bá kù síbì kan tó ṣókùnkùn, ẹ lọ sórí finna.fi, níbi tí àwọn ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Fínlándì ti gbé fọ́tò ohun ìní wọn sí. Ẹ tẹ *seteli* (owó bébà lédè Finnish), ọdún àti iye owó náà, kẹ́ ẹ wá fi tiyín ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa owó náà nígbà tó jáde, ìwé ìròyìn àtijọ́ wọn wà ní digi.kansalliskirjasto.fi, lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì gbé dé Helsinki, báńkì náà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ láti 2003.

Ìgbésẹ̀ keje: rírà àti títọ́jú

Àwọn ará Fínlándì máa ń fi nọ́mbà 1 sí 10 sọ bí owó ṣe rí, 10 ni èyí tí ọwọ́ kò tíì kàn. Ẹ má jẹ́ kí nọ́mbà olùtajà tó yín. Ẹ ní kó ya iwájú, ẹ̀yìn, àti ọ̀kan tó gbé síwájú iná, torí ibẹ̀ ni ihò abẹ́rẹ́ àti ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ máa ń hàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó ra 5 markka ti 1909. Ó wọ́pọ̀, kì í gunni lówó, ó sì ní ohun tó pọ̀ láti kà lára rẹ̀. 500 àti 1000 ò sí fún ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kódà bó ti ya sí méjì. Ẹ fi í sínú àpò tó mọ́ gaara tí wọ́n fi polyester ṣe, kì í ṣe ráńbá PVC tó ń rùn, torí òun máa ń sun omi ọlọ́ràá sára bébà bó bá pẹ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀rinrin àti ikán ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ má fi í sínú àpótí onígi lórí ilẹ̀, ẹ fi í sínú ike tó dé dáadáa lórí pẹpẹ, kẹ́ ẹ ju àpò kékeré tó ń fa omi sínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń bá bàtà tuntun wá, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ ìwé kékeré kan tì í, ní pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò: irin tó ṣèlérí, iye rẹ̀, déètì, nọ́mbà, ibi tẹ́ ẹ ti rà á àti iye tẹ́ ẹ rà á. Ẹ má kọ ohunkóhun sára owó náà fúnra rẹ̀.